Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Tó Bí Mi Nínú

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń hó nínú mi, n kò sì rí ọ́fíìsì tí mo lè gbé e lọ. Bí awakọ̀ bá kọjá ibùdókọ̀ láìdúró, nọ́ńbà kan wà tí èrò máa ń pè láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti pè é lórí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọ pé, "Ka ìwé yìí, wàá rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn ọ́," tí o wá kà á, tó jẹ́ ìbínú lo bá dìde, níbo ni wọ́n ti ń fẹjọ́ onítọ̀hún sùn? Ó tún wá burú jáì bó bá jẹ́ ọmọ tí o fúnra rẹ bí ni.

Ọmọ mi obìnrin ló ra ìwé náà fún mi. Lọ́ńdọ̀nù níbí la bí i sí, ibí ló ti kàwé, bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ ò lè mọ̀ pé ọmọ ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni. Ó na ìwé sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ ka eléyìí. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń sọ níbẹ̀." Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àkọlé rẹ̀ ni How to be an Alien. Bí a ṣe ń ṣe àjèjì! Háà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú yìí, kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe tó iṣẹ́ àjèjì, tòru tọ̀sán, kò sí ìsinmi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀. Wọ́n wá ra ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ṣé wọ́n ń ra ìwé ìlù kíkọ́ fún ọmọ Àyàn ni?

George Mikes lorúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni, ìlú Siklós ni wọ́n bí i sí ní 1912. Akọ̀ròyìn ni. Ìwé ìròyìn ló rán an wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1938, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló yẹ kó lò. Kò padà mọ́. Ìlú yìí ló wà títí ó fi kú ní 1987. Ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti òun ti jọra nìyẹn, nítorí ọdún méjì lèmi náà dá fún ìyá mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ní 1946 ló gbé ìwé yìí jáde. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìjọba ń fi káàdì wọn oúnjẹ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tíì pàápàá kò kúrò lórí káàdì àfìgbà tó di 1952. Ìgbà tí ebi ń pa wọ́n yẹn ló jókòó tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ Hungary mìíràn, André Deutsch, ló bá a tẹ̀ ẹ́. Deutsch yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé The Interpreters Wọlé Ṣóyínká jáde ní 1965. Nicolas Bentley ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ayàwòrán.

Òǹkọ̀wé lẹjọ́ mi wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ló ti kọ́kọ́ gún mi. Mikes ní obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ kí òun fi í ṣaya, òun sì dá a lóhùn pé ìyá òun ò ní gbà kí òun fẹ́ àjèjì. Obìnrin yìí ta kìjí. Ta ni àjèjì? Ó ní Mikes ni àjèjì, ìyá rẹ̀ náà àjèjì ni. Mikes ní ṣé bí ìyá òun bá jókòó sí Budapest ní Hungary náà ni? Obìnrin náà ní níbikíbi tó bá jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ní kí n ti rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín, ìyá mi ni mo rí, níwájú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyá tí kò kúrò ní ìlú náà rí àfi ìgbà tó lọ sí Mẹ́kà. Ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń pè é ní àjèjì láìtíì fojú kàn án. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á pa lẹ́rìn-ín?

Èyí tó tún dùn mí níbẹ̀ ni pé òyìnbó ni Mikes náà. Òyìnbó tó ń ṣe àjèjì láàárín òyìnbó! Bó bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́, tó wọ kóòtù, tó mú agbòòrùn dání, ta ló máa mọ̀? Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń tú u fó. Èmi, wọ́n ti mọ̀ mí láti òdìkejì títì kí n tó la ẹnu rárá. Mo tú ìwé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, n kò rí orí kan tó sọ ohun tí irú mi máa ṣe sí èyí. Dídíbọ́n ló ń kọ́ni. Kò rò ó pé àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí dídíbọ́n ò ní wúlò fún.

Mo ṣáà ń kà á lọ. Mo dé orí tó sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́. Ó ní bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ojú ọjọ́ dára, ì báà jẹ́ pé yìnyín ń bọ́ lé yín lórí, o kò gbọdọ̀ jiyàn, kí o ṣáà máa gbè é lẹ́yìn. Kí ló wá ṣe àrà ọ̀tọ̀ níbẹ̀? Ìkíni ni! Àwa tí à ń kí ẹni tó jókòó, tí à ń kí ẹni tó nàró, tí à ń kí ẹni tó ra bàtà tuntun, tí a ní ẹ kú òtútù, ẹ kú ooru, ẹ kú òjò, ṣé àwa la máa wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀sín pé ó ń fi ojú ọjọ́ kíni? Tèmi ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń bá a dé. Wọn ò ní béèrè ìyàwó, wọn ò ní béèrè ọmọ, wọn ò ní béèrè àwọn ará ilé. Òjò nìkan ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bi ọ́ pé báwo ni nǹkan, tí o wá dúró láti dáhùn, wàá bá ẹ̀yìn wọn níbi tí wọ́n ń lọ.

Ó tún kan tíì. Mikes ní nǹkan mímu gidi ni tíì kó tó di pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ da mílíìkì sí i, tí wọ́n fi bà á jẹ́. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ àti èmi máa jà." Tíì tí kò ní mílíìkì, ta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún? Nílé wa, èyí tó bá funfun tó sì dùn tí èèyàn lè ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ la máa ń gbé fún àlejò. Ẹjọ́ tí mo bá Gẹ̀ẹ́sì ní ni pé mílíìkì wọn kéré. Wọ́n á rọ bíńtín sí i, wọ́n á wá bi ọ́ pé ṣúgà ṣíbí mélòó, pẹ̀lú ojú pé kí o má kọjá ẹyọ kan. Báyìí ni mo ṣe rí ara mi nínú ilé mi, tí mò ń gbèjà Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ tíì, tí mò ń bá òkú ọmọ Hungary jiyàn. Ìwé wo ló ń sọ èèyàn dà báyìí?

Lórí ọ̀rọ̀ títì, mo gbà fún un. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ la títì wọn ní wíwọ́ ni, wọ́n sì fi orúkọ tó jọra pè wọ́n kí àjèjì lè sọnù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹkún ló sì yẹ kó pani. Ẹ wá wo àdúgbò Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Peckham Road wà, Peckham High Street wà, Peckham Hill Street wà, Peckham Park Road wà, Peckham Grove wà. Peckham Rye tún wà, títì ni, pápá ni, ibùdó ọkọ̀ ojú irin sì ni. Lọ́jọ́ tí páìpù omi bá bẹ́ tí wọ́n ní kí n gba ibòmíràn, Peckham wo ni kí n yà sí? Èmi ò ní àwọn títì Ìbàdàn tọ́. Àmọ́ bí o bá sọnù n'Íbàdàn, wàá béèrè, ẹni tí o bi á sì fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Níbí, ẹni tí o bá bi á wo fóònù, á ní òun náà kì í ṣe ará àdúgbò.

Gbogbo ìyẹn, mo fara dà á. Nígbà tí mo wọ apá kejì ìwé náà ni ẹ̀jẹ̀ mi wá ru. Apá yìí ló ti ń kọ́ àjèjì ní oríṣìíríṣìí ohun tó lè dà. Ó lè di ọ̀mọ̀wé Bloomsbury, ó lè di gbajúmọ̀ ọlọ́jọ́ fàájì ní Mayfair, ó lè máa ṣe sinimá. Ó sì tún lè di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bó bá ti di awakọ̀, Mikes ní eré mẹ́ta wà tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Eré kìíní ni pé bí awakọ̀ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kó na ṣóńṣó ìka síta díẹ̀ báyìí, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré má bàa rí i, kí wọ́n wá kọlù ú. Ó dáa. Láyé òde òní, iná ló ń ṣẹ́jú. Mo lè tan iná náà láti àárọ̀ dọjọ́ rọ̀, kò sẹ́ni tó máa fún mi láyè. Ta ló wá ń fi ta ṣeré níbẹ̀?

Eré kejì ni pé bó bá ń sún mọ́ ibùdókọ̀, kó sá pamọ́ sẹ́yìn lọ́rí ńlá, bó bá wá dé ọ̀dọ̀ èrò tán kó já lọ fìà. Èmi, sá pamọ́! Ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń wo gbogbo wa lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá yá díẹ̀ jù, wọ́n á ní kí n dúró. Ohùn obìnrin kan á wá jáde nínú bọ́ọ̀sì, á ṣàlàyé fún gbogbo èrò pé wọ́n ti ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ kí àlàfo àárín àwọn bọ́ọ̀sì lè dọ́gba. Èrò ò ní bínú sí kọ̀ǹpútà. Wọn ò ní bínú sí obìnrin tó sọ̀rọ̀. Ìpàkọ́ mi ni wọ́n máa dojú kọ, wọ́n á máa pòṣé sí i.

Eré kẹta, ó pè é ní eré ilé ìwòsàn. Ó ní kí awakọ̀ má dúró de agogo kọ̀ǹdọ́kítọ̀, kó gbéra lójijì, kí àwọn èrò lè ṣubú lu ara wọn. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ wo? Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2005 ni Routemaster, ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹdọ́kítọ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ lójú ọ̀nà 159. Láti 2014 ni a kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni wọ́n fi ń sanwó. Èmi nìkan ló kù nínú ọkọ̀ báyìí: èmi ni awakọ̀, èmi ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀, èmi ni afinimọ̀nà, èmi ni onílàjà. Máìlì 20 ní wákàtí ni wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kọjá lórí ọ̀pọ̀ títì. Kámẹ́rà ń wò mí níwájú, ó ń wò mí lẹ́yìn, ó ń wò mí lókè. Bí ìyá arúgbó kan bá kàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lásán, fọ́ọ̀mù ni màá máa kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Síbẹ̀, eré mẹ́ta yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀fẹ̀ ni Mikes ń ṣe nígbà tó ní àjèjì lè wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1956, ẹ̀fẹ̀ di òótọ́, London Transport, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, gbéra ó di Barbados, ó lọ ń wá òṣìṣẹ́ nítorí kò rí èyí tó tó níbí. Ní Bristol, ní 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà kọ̀, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ò ní wa ọkọ̀ wọn, kò sì ní já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, Paul Stephenson, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ta kú kí ilé iṣẹ́ náà tó gbà nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn kan fi oṣù mẹ́rin jà kí irú mi tó lè jókòó sídìí ọkọ̀, Mikes sì ti fi ìjókòó náà ṣẹ̀fẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Mikes fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ti rò pé inú máa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí ìwé yìí. Inú ò bí wọn rárá. Wọ́n rà á, wọ́n rà á fún ara wọn lọ́jọ́ ìbí, wọ́n gbé onítọ̀hún lárugẹ débi pé ó tún kọ òmíràn, How to be Inimitable ní 1960, àti How to be Decadent ní 1977. Wọ́n wá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní 1984, wọ́n pè é ní How to be a Brit. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọn ò sì yí nǹkan kan padà. Mílíìkì ṣì wà nínú tíì. Peckham mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ohun kan ṣoṣo tó dára nínú ìwà tí ó kọ sílẹ̀ ló pa rẹ́, ìyẹn ìlà títò. Ó ní ìlà títò ni gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fẹ́ràn jù. Ó yẹ kó wá jókòó tì mí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ wọlé, ọmọ onílùú àti àjèjì, ọgbọọgba.

Ẹ má rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Ní 1966, Peter Enahoro, tó ń fi orúkọ Peter Pan kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Daily Times, gbé How to be a Nigerian jáde nílé lọ́hùn-ún. Ó bú wa lórí ariwo. Àwa náà rà á, a kà á sókè fún ara wa, a fi ariwo rẹ́rìn-ín sí i, ariwo sì ń lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣòro fún onílùú láti rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín tán, kò sẹ́ni tó máa ní kó padà síbi tó ti wá. Àjèjì ló gbọ́dọ̀ ro ẹ̀rín tirẹ̀ wò kó tó rín in. Bó bá rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á ní ó ń fi ìlú ṣẹ̀sín. Bí kò bá sì rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ á ní kò lè gba àwàdà.

Ohun tí ọmọ mi sọ nìyẹn. Ó ní, "Dádì, ẹ ò lè gba àwàdà." Bẹ́ẹ̀ Mikes ti dì mí nígbèkùn sílẹ̀: ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú eré kẹta tí wọ́n wá ń ráhùn ni kò mọ ẹ̀fẹ̀. Èmi, ọmọ Ìbàdàn! Ṣé ọmọ yìí ti rí ọdún Òkèbàdàn rí? Lọ́jọ́ náà wọn ò mọ olówó, wọn ò mọ ìjòyè. Wọ́n á kọrin bú ọ, wọ́n á bú ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba mọ́ ọ, o kò sì gbọdọ̀ bínú. Mo ti gba tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú mi l'Ókèbàdàn, iwájú mi ló wà. Mo lè dá a padà fún un kó tó mí. Aládùúgbò mi náà ń gba tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo wa jọ ń rín in ni. Òǹkọ̀wé ò rí bẹ́ẹ̀. Á bú ọ tán, á ti lọ, ìwọ nìkan lo máa wà ní ilé oúnjẹ gáréèjì, tí o kò rí ẹni tí wàá dá lóhùn.

Mo ti wá pinnu pé màá dáhùn. Ó kọ eré awakọ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ eré èrò.

Èkíní ni eré Mo-Ń-Bọ̀. Èrò á wà nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa wo bọ́ọ̀sì bó ṣe ń bọ̀, á wò ó títí gbogbo èèyàn á fi wọlé tán. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ń padé ni yóò dáwọ́ lé eré, adìyẹ díndín lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, á máa fi ìgúnpá lu ọkọ̀. Bí mo bá ṣí i, kò ní dúpẹ́. Bí n kò bá ṣí i, ó mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè.

Èkejì ni eré Káàdì. Obìnrin kan ti wà ní ibùdókọ̀ tipẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tán ló máa tó rántí pé wọ́n ń sanwó. Á ṣí àpò ńlá, á ṣí àpò kékeré inú àpò ńlá. Á yọ kọ́kọ́rọ́, á yọ tíṣù, á yọ káàdì ilé ìtajà. Ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń pa tìyá tọmọ.

Ẹ̀kẹta ni eré Agogo. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Mo dúró, ilẹ̀kùn ṣí, òtútù wọlé, ẹnikẹ́ni ò sọ̀. Mo wo dígí, gbogbo wọn ń wo fóònù. Mo gbéra. Àfi gbàù, ẹnì kan láti àjà òkè: "Awakọ̀! O ti gbé mi kọjá!"

Ẹ̀kẹrin ni eré Ọmọ-Ìyá. Àwa Yorùbá la ni ín, Mikes ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Obìnrin kan á wọlé, á wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?" Orí mi á wú, ìkíni tó pé nìyẹn. Ẹnu ìdáhùn ni mo wà tí ẹ̀rọ á fi ké pé kò sí owó nínú káàdì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ ṣàánú mi, ibùdókọ̀ méjì péré ni mò ń lọ." Ọkùnrin kan á dá sí i látẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wọlé jàre, ara wa ni." Bí mo bá jẹ́ kó wọlé, kámẹ́rà ń wò mí. Bí n kò bá jẹ́ kó wọlé, èmi àtòun á pàdé níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni wọ́n máa fi sídìí ìrẹsì.

Mo fi gbogbo èyí han ọmọ mi. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń ṣe eré kejì yẹn, màmá òun ni. Mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ẹjọ́ ni mò ń rò! Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ rín in, kó rántí na ọwọ́ rẹ̀ dáadáa bó bá rí bọ́ọ̀sì mi tó ń bọ̀. Eré kejì Mikes yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.